Ìjókòó Méjì Níwájú Gozo

Muroran, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Chinami, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ìkùukùu òkun ti tún bo gbogbo ilé láàárọ̀ yìí bí ìṣe rẹ̀. A lọ gbálẹ̀ ibojì àwọn àgbà lánàá, mo bá ẹ kí wọn. Bàbá ẹ ń wo bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ girama ń fi igi gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n kí ẹ, àmọ́ kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n nígbà tó ń sọ ọ́.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ẹ́ lórí fóònù. Mi ò fẹ́ràn fóònù yẹn. Tí mo bá ti rí ojú ẹ nínú ẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ á sá lọ, a ó wá máa bi ara wa bóyá òjò rọ̀ títí wàá fi ní o ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú lẹ́tà, kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Jókòó kí o tó ka èyí. Ṣé o ti jókòó? Ìyá ẹ ti di olólùfẹ́ Narumi Gozo!

Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé èmi yìí náà ni mo máa ń pa iná gbogbo ilé nígbà tí o wà ní girama kí orin ẹ lè dákẹ́. Mo máa ń ní ọkùnrin tó ń han bí ẹni tí ilẹ̀kùn há ní ìka yìí, ṣé kò ní ìyá ni? Ó dáa, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ ra tófù ẹ̀wà sóyà lọ́wọ́ Fusae, ó tan rédíò, ọkùnrin kan ń kọrin. Ohùn yẹn ti gbó, ó ti há, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ó ń kọrin nípa obìnrin kan tó dúró de ọkọ ẹ̀ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ irin, tí yìnyín ń dì sí i nípéǹpéjú. Chinami, èmi mà ni! Géètì yẹn, èmi ni mo dúró níbẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ bàbá ẹ lábẹ́ kóòtù mi! Mo dúró gbọ́ ọ títí omi tófù fi ń kán sí mi ní bàtà. Mo ní, "Fusae, ta nìyí?" Ó ní, "Háà, Tokie! Ṣé Gozo lo ò mọ̀? Ọmọ ìlú wa!"

Àṣé ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó ní ọdún yìí lòun máa kọrin mọ, ìlú tí wọ́n ti bí òun lòun sì máa parí ẹ̀ sí, ní gbọ̀ngàn ẹ̀bá èbúté, lọ́jọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ nínú oṣù kọkànlá. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kálukú á forúkọ sílẹ̀, wọ́n á wá ṣẹ́ gègé. Mo lọ fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù igun ọ̀nà. Èsì jáde lónìí. Gègé mú mi! Ìjókòó méjì! Ìlà kẹfà! Mo pariwo débi pé bàbá ẹ da tíì sára.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ nìyí. Mi ò fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà wọ ibi ìgbéyàwó onígbèéyàwó. Ìwọ lo mọ orin ẹ̀ tán. Sọ fún mi èyí tí màá kọ́kọ́ gbọ́ àtèyí tí màá gbọ́ tẹ̀ lé e. Kí o sì fi ìpara ọwọ́ olódòdó yẹn ránṣẹ́, tèmi ti tán.

Ní ti ìjókòó kejì, má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ọ̀nà jìn, iṣẹ́ ẹ pọ̀. Mo kàn ní kí o gbọ́ ni.

Èmi ìyá ẹ,
Tokie


Düsseldorf, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú oríire! Mo jókòó bí ẹ ṣe ní kí n jókòó, síbẹ̀ mo fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga. Ẹ̀yin kẹ̀? Gozo kẹ̀? Ìlà kẹfà! Mo mú lẹ́tà yín lọ síbi iṣẹ́, mo tún ń kà á níbi tí mo ti ń gẹrun fún oníbàárà, díẹ̀ ló kù kí n gé e létí. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní nǹkan ti ṣe ìyá mi, nǹkan tó dáa gan-an ni.

Ó yá, ẹ gbọ́ báyìí, ẹ má sì fò ó kọjá.

Èyí tí ẹ gbọ́ ní ìsọ̀ Màmá Fusae, "Géètì Àríwá" lorúkọ ẹ̀. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ fetí sí gìtá tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń dún bí ìró ilé iṣẹ́ irin nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni "Alùpùpù Tí Kò Ní Bíréèkì". Ariwo wà níbẹ̀, mo ti ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀! Èyí gan-an ló mú yín pa iná. Ẹ má gbọ́ ọ nígbà tí tíì bá wà lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń gé àlùbọ́sà, ọwọ́ yín á yá. Tí ó bá ti rẹ̀ yín, ẹ wá gbọ́ "Yìnyín Lórí Gìtá". Kò sí ìlù níbẹ̀, òun àti gìtá ẹ̀ nìkan ni, mo máa ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ìlú yìí bá sú mi.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni "Máa Bọ̀". Ẹ má gbọ́ ọ kí ẹ tó gbọ́ àwọn yòókù o. Òun ló máa ń fi parí gbogbo eré. Mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.

Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bíi kí n sáré wá, ká jọ lọ. Àmọ́ bí ẹ ṣe ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu yẹn, ọkàn mi wá balẹ̀. Madam Behrens, ọ̀gá wa, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìsinmi tí ọdún bá ti ń parí lọ. Torí náà ẹ mú Màmá Fusae dání, kí ó fi òwú sétí. Ìpara ọwọ́ wà nínú páálí yìí. Bàbá ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, torí náà mi ò ra nǹkan kan fún wọn.

Ọmọ yín tí inú ẹ̀ ń dùn,
Chinami


Muroran, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Chinami,

Ṣé ara ẹ le? Ìpara dé, o ṣé. Bàbá ẹ yẹ inú páálí yẹn wò lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà ló ní mi ò fẹ́ nǹkan kan." Ó jáde lọ tú àwọn òdòdó ẹ̀ gbìn síbòmíràn.

Háà, orin wọ̀nyí! Mo gbé rédíò ẹ àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ẹ sílé ìdáná, mo fi "Alùpùpù" sí i, mo ń gé àlùbọ́sà. Nígbà tí màá fi gbójú sókè, mo ti gé gbogbo èyí tó wà nílé tán! A jẹ àlùbọ́sà títí ó fi sú wa. Bàbá ẹ ní kí ni ariwo yìí, àmọ́ mo rí i tó ń fi igi ìjẹun lu etí abọ́, mo kọjú sí ìkòkò kó má bàa tijú. "Yìnyín Lórí Gìtá" sì pa mí lẹ́kún. Ọkùnrin tó le báyẹn, tó tún rọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Mo sọ fún Fusae pé ká ní mo ti gbọ́ èyí nígbà tí mo wà lọ́mọge ni, bàbá ẹ ì bá tò lẹ́yìn.

Àmọ́ "Máa Bọ̀" yìí, kí ni ìyẹn? Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sọ̀rọ̀ òkun, ó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó lọ. Ló bá kàn ń pariwo: máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀! Títí orin fi tán! Ṣé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀ ni? Àgbàlagbà kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Èèyàn á ní, "Ojú ọjọ́ dára níbí," ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ ohun tó kàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú ẹ̀, á di odindi. Gozo ò kọ́ ìyẹn nílé ni?

Ó dáa bí o ṣe ní o ò wá. Iṣẹ́ niṣẹ́. Kò burú. Kò burú rárá. Ìgbà tí o wálé kẹ́yìn, ọmọ ológbò Fusae ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú ni. Ó ti di ìyá àgbà báyìí.

Ojú ọjọ́ dára níbí.

Tokie


Düsseldorf, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú àlùbọ́sà! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo dúpẹ́ pé ẹ ò bínú pé mi ò lè wá, ẹ̀rù ti kọ́kọ́ ń bà mí. Inú mi sì dùn pé ojú ọjọ́ dára lọ́dọ̀ yín, òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí.

Mo ti rí i pé ẹ ti di ògbóǹtarìgì, ó yá ká wọnú ìjìnlẹ̀! Ẹ wá "Ìwé Ọkọ̀ Ìlọ Nìkan" gbọ́, àti "Jákẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Mi". Èyí kejì yẹn, tí ó bá ti dé ibi tó ń ka orúkọ àwọn òpópónà Muroran, gbogbo èrò ló máa ń dìde. Ẹ̀yin náà ẹ dìde o! Ẹ má wọ bàtà tó há. Ẹ má gbé ẹyin bíbọ̀ wọnú gbọ̀ngàn láti pín fún àwọn tó jókòó nítòsí, mo mọ̀ yín. "Ẹ̀gbọ́n" là ń pe Gozo níbẹ̀, a kì í pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Narumi. Tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á rò pé ilé ìfowópamọ́ lẹ ti wá.

Ní ti "Máa Bọ̀", ẹ ò tíì mọ àṣírí ẹ̀ ni. Tí ó bá ti dé ibi tó ń pariwo yẹn, á dákẹ́, á na gbohùngbohùn sí èrò. Kálukú á wá kọjú síbi tí ẹni tí àárò ẹ̀ ń sọ ọ́ wà, ìlú yòówù kó jẹ́, á fi gbogbo agbára pariwo, "Máa bọ̀!" Mo ti ṣe é rí ní Sapporo nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Ọkùnrin tó dúró tì mí kọjú sí òkè, ó ń pe ìyá ẹ̀ tó ti kú. Èmi ò rí ẹni tí màá pè nígbà yẹn, gbogbo yín lẹ wà nílé.

Torí náà ẹ lọ sétí òkun, kí ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Láyé mi, mi ò gbọ́ ariwo yín rí, àfi ti ọjọ́ tí gègé mú yín, ìyẹn náà Bàbá ló gbọ́ ọ.

Ẹ tètè fèsì, mo fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀!
Chinami


Düsseldorf, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Màmá mi,

Mo kí yín o. Mo retí lẹ́tà yín títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo pè sílé, Bàbá ló gbé e. Wọ́n ní, "Ó wà, ó ń tún yàrá òkè ṣe," wọ́n sì pa fóònù. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Obìnrin ará Osaka kan wá ṣerun lọ́dọ̀ mi. Ó ní àbúrò òun ra ìjókòó méjì níbi eré olórin kan, ọ̀rẹ́ tó fẹ́ bá a lọ wá ṣàìsàn, ìjókòó yẹn sì ṣòfò, torí pé orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn ló wà lára ẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ojú àti orúkọ wò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé." Mo ń gẹrun lọ. Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́yìn. Mo dúró. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá, ẹ ò lè mú Màmá Fusae wọbẹ̀! Ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ ẹni kejì. Kì í ṣeé yí padà. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí mi!

Orúkọ ta lẹ tẹ̀?

Ẹ dá mi lóhùn o. Ẹ jọ̀ọ́.
Chinami


Muroran, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá

Chinami,

Òtútù ti dé. Ṣé o ní ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn?

Mo gbọ́ "Jákẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Mi". Ó dára púpọ̀. Ó dárúkọ òpópónà wa, mo dìde dúró nílé ìdáná, èmi nìkan.

O bi mí ní orúkọ. Ta ni mo mọ̀ láyé yìí tó mọ orin Gozo? Fusae fẹ́ràn rédíò ni, ariwo gbọ̀ngàn ò bá a lára mu, ó sì ti ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun lọ́jọ́ ìsinmi yẹn. Orúkọ tó wá sí mi lọ́wọ́ ni mo tẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń kánjú mi, ó ń dún "pí, pí". Mi ò rò pé gègé máa mú mi. Nígbà tó wá mú mi, mo ní ẹni tó ni orúkọ á gbọ́, á sì mọ ohun tó kàn.

Kò sí wàhálà. Màá gbé kóòtù mi sórí ìjókòó yẹn. Wọ́n ní èèyàn máa ń gbóná níbẹ̀, kóòtù náà gbọ́dọ̀ ríbi jókòó. Má yọ ara ẹ lẹ́nu.

Tokie

Èmi Shunpei bàbá ẹ ló ń kọ èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, ìyá ẹ lọ wá sítáǹbù. Mi ò sọ nǹkan kan o. Àmọ́ láti ìgbà tí gègé yẹn ti mú un, ọjọ́ gbogbo tí oòrùn bá ti yọ ló ń gbé tìmùtìmù àti kúbùsù ẹ jáde lọ sá. Ẹnikẹ́ni ò sì sùn lórí ẹ̀. Ojú ọjọ́ dára níbí.


Düsseldorf, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Màmá mi, Bàbá mi,

Mo ń bọ̀! Mo ń bọ̀! Mo ń bọ̀!

Mo tọ Madam Behrens lọ, lẹ́tà yín lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé pé ìyá mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ìyẹn ni pé kí n wá. Ó ní, "Ìyá ẹ ní kí o má wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìwọ wá fẹ́ lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò béèrè látọjọ́ yìí? Máa lọ!" Màmá, ó ní kí n máa lọ! Gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí yẹn, mi ò tíì béèrè rárá!

Ẹ foríjì mí. Mo ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń sọ odindi ọ̀rọ̀, etí mi ti di. Ojú ọjọ́ tó dára ni mo gbọ́, mo wá ń ráhùn òjò tèmi!

Ọjọ́ tó ṣáájú eré ni màá balẹ̀ ní Chitose, lọ́wọ́ ọ̀sán. Mo ti ra nǹkan fún Bàbá tí wọn ò fẹ́ nǹkan kan. Òtútù pọ̀ lọ́nà, torí náà ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn?

Chinami yín


Muroran, ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Chinami mi,

Ṣé o ti sinmi? Ilé ti tún dákẹ́. Bàbá ẹ ò bọ́ fìlà tí o rà fún un, ó fi ń jẹun. Etí mi ṣì ń hó, mo sì ń gbádùn híhó ẹ̀!

Mo ń rẹ́rìn-ín ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn, tó ń wo fọ́tò ẹ, tó ń wo ojú ẹ, tó tún wo fọ́tò. Mo ní, "Ọmọ mi ni, ó kàn sanra ni!" O fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Inú mi dùn sí i, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Ṣé Gozo lo rò pé ó darúgbó? Ó wọlé pẹ̀lú kóòtù funfun, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ̀n! Mo ti ní màá jókòó jẹ́jẹ́. Ìgbà wo ni mo jókòó? Mo gbàgbé orúnkún mi sílé! Nígbà tó kan "Géètì Àríwá", o rí ọkùnrin gíga tó wà níwájú wa, òṣìṣẹ́ irin ni, bàbá ẹ mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. O ò rí èmi, torí ìwọ náà ń nu tìẹ.

Nígbà tó wá na gbohùngbohùn sí wa, ariwo sọ. Kálukú kọjú síbi tiẹ̀. O bi mí nígbà tí a jáde, níbi tí bàbá ẹ ti ń dúró dè wá nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n fi igi gún sun, pé kí ló dé tí mi ò pariwo lẹ́yìn gbogbo bí mo ṣe kọ́ ọ létí òkun. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Mo la ẹnu, mo fẹ́ kọjú sí ọ̀nà Düsseldorf. Mo wá rántí. Ẹni tí mo fẹ́ pè dúró tì mí, ó la ẹnu bí ẹja, ó ń gbá mi lápá. Ta ni mo tún fẹ́ pè? Mo pa ẹnu dé. Inú mi dùn débi pé àyà ń dùn mí.

Àmọ́ ariwo yẹn ò lọ, inú mi ló wà. Ní Chitose, o juwọ́ sí wa, o kọjá lẹ́nu ọ̀nà àyẹ̀wò, o yà. Ẹ̀yìn ẹ ò hàn mọ́. Ló bá jáde! "MÁA BỌ̀!" Ọlọ́pàá kan yíjú padà. Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá ẹ ní, "Tokie, ó ń lọ ni, kò bọ̀." Mo ní, "Mo mọ̀!" Mo tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ẹ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, òun náà wá fi ohùn kékeré pa tiẹ̀.

O ò gbọ́, o ti jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Mo ti bu Gozo tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu ẹ̀, ó ti yọ gbogbo èyí tí kò wúlò kúrò ni.

Mi ò mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí nígbà ìrúwé. Bóyá òjò á rọ̀, bóyá ìkùukùu á bo gbogbo ilé. Iṣẹ́ ẹ pọ̀, ọ̀nà sì jìn.

Yọ ara ẹ lẹ́nu. Máa bọ̀.

Ìyá ẹ